Rífiù àwọn tó ń kó bíìnì wa ní South Cambridgeshire: ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń yọrí

Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀rẹ̀ sọ ọ́: iṣẹ́ yìí dáa, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn, mi ò yọ ìkankan. Àwọn tó ń kó pàǹtí ilé wa níbí ni mò ń sọ, Greater Cambridge Shared Waste lorúkọ wọn, káńsù South Cambridgeshire àti ti Cambridge City, nílẹ̀ England, ló jọ ni wọ́n. Gbogbo ìgbà làwọn èèyàn ń kọ rífiù ilé oúnjẹ, rífiù fóònù, rífiù ẹni tó ran aṣọ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó jókòó kọ rífiù àwọn tó ń bá a kó ìdọ̀tí ẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ sì rèé owó wa ni wọ́n fi ń ṣe é, council tax, owó orí tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún káńsù, ń jáde ní akáǹtì wa, tí wọn ò bá sì wá fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré gbogbo àdúgbò á mọ̀, imú á mọ̀, eku náà á mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé fóònù kọ ọ́ ni ariwo tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, owó ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ mínísítà, ó ti wọ ìwé ìròyìn, èèyàn tí ò gbé ẹ̀gbẹ́ Cambridge rí á la ẹnu á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, wọ́n ń jẹ owó aráàlú lófèé. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Èmi rèé tí mò ń gbé ibẹ̀, tí mò ń ti bíìnì síta lálẹ́ kí n tó sùn, ẹ gbọ́ tẹnu èmi náà.

Fún ẹni tí ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ní January 2023 ni South Cambridgeshire kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, àwọn ni káńsù àkọ́kọ́ nílẹ̀ Britain tó dán irú ẹ̀ wò. Àdéhùn ẹ̀ ò lọ́jú pọ̀ rárá, gbogbo iṣẹ́ tó ò ń ṣe tẹ́lẹ̀ lo máa ṣe parí, ìdá 80 nínú 100 àkókò tó ò ń lò tẹ́lẹ̀ lo máa fi ṣe é, owó ẹ ò sì ní dín kọ́bọ̀. Nígbà tó di September 2023 wọ́n mú àwọn tó ń kó bíìnì náà wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló ti wá kan àwa aráalé, torí pé wọ́n tún gbogbo ọ̀nà tí lọ́rì ń gbà tò, wọ́n yí ọjọ́ bíìnì ọ̀pọ̀ ilé padà, Mọ́ńdè sì kúrò nínú ẹ̀ pátápátá. Láti Túsìdeè dé Fúráìdeè ni wọ́n ń jáde báyìí.

Ẹ má sì rò pé àánú òṣìṣẹ́ nìkan ló ṣe wọ́n o. Cambridge yìí, ìlú tó gbówó lórí ni, owó ilé ẹ̀ ń kó èèyàn láyà sókè, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ti oògùn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì ń san owó tí káńsù ò lè san láéláé. Káńsù á kéde iṣẹ́, wọn ò ní rí ẹni gbà, nínú ààyè mẹ́wàá bíi mẹ́jọ ni wọ́n ń rí èèyàn fi dí, ẹ̀jẹ́ńsì, àwọn iléeṣẹ́ tó ń yá èèyàn ní òṣìṣẹ́, ni wọ́n wá ń sá tọ̀ lọ. Ẹni tó bá ti bá ẹ̀jẹ́ńsì ṣiṣẹ́ rí nílùú ọba mọ ohun tí mò ń wí, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń dé ọwọ́ ẹ, aláàárín ti gé tiẹ̀ lọ. Káńsù ò lówó tí wọ́n lè fi bá àwọn ọlọ́lá yẹn du òṣìṣẹ́, wọ́n wá ní ó dáa, àkókò làwa máa fún èèyàn. Mo gbà tọkàntọkàn pé ọgbọ́n ńlá nìyẹn, torí pé lára ohun tí ọ̀gá lè fún èèyàn, àkókò ló ṣọ̀wọ́n jù.

Ó yá, iṣẹ́ gangan. Bíìnì mẹ́ta ni ilé wa ní, dúdú fún pàǹtí, búlúù fún ohun tí wọ́n máa tún lò bíi páálí, ike àti ìgò, gíríìnì fún koríko àti ewé ọgbà. Wọn kì í kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan, bí ti dúdú bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tàwọn yòókù, kálẹ́ńdà ẹ̀ sì wà lórí wẹ́bsáìtì káńsù, pósítí kóòdù ẹ nìkan lo máa tẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ní kó ti wà níta, wọn ò sì fi ṣeré.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa. Ẹnì kan á ti ṣáájú lọ́rì wọlé, á máa fa bíìnì méjì méjì jọ síbi tí lọ́rì ti máa rí wọn gbé, ọwọ́ ọ̀tún ọ̀kan, ọwọ́ òsì ọ̀kan, kò ní wo ẹ̀yìn. Lọ́rì á dé, ẹnì kejì á gbé e kọ́ irin ẹ̀yìn lọ́rì, irin á gbé e sókè, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí òmíràn tó gòkè ó ti yí èyí tó ṣófo padà sí ojú ilé onílé. Wọn kì í fi bíìnì dí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, èyí ṣe pàtàkì fún àwa tá à ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀, torí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ sáàárín ọ̀nà, títì ni ìwọ àti ọmọ máa bọ́ sí, mọ́tò sì ń bọ̀.

Màmá òyìnbó kan wà lápá ọ̀tún wa, wọ́n ti dàgbà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọn ò lè ti bíìnì mọ́. Káńsù ní ètò fún irú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn fúnra wọn ló ń wọ ẹ̀gbẹ́ ilé lọ gbé e, wọ́n á dà á, wọ́n á tún gbé e padà síbi tí wọ́n ti bá a gẹ́lẹ́, wọ́n á sì pa géètì dé. Géètì yẹn ni mo máa ń fi ojú wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá wà nílé, tí mo wo ojú fèrèsé, wọ́n máa ń fi ìkọ́ ẹ̀ kọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ ti kú, tó ń sáré kó lè parí, tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹfà ẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́, kì í rántí géètì onígéètì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí iṣẹ́ tèmi náà, màá débẹ̀.

Ohun míì tí mo fẹ́ràn ni pé ojú kan náà ni mò ń rí. Wọ́n mọ àdúgbò wa bí ẹni mọ ilé bàbá ẹ̀. Wọ́n mọ ilé tí ajá ẹ̀ máa ń fò mọ́ ọgbà, wọ́n mọ kọ̀rọ̀ tí lọ́rì ò lè yí, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni awakọ̀ máa fi wọ̀ ọ́, àwọn ọmọ kéékèèké máa ń juwọ́ sí wọn, àwọn náà á fọn fèrè lọ́rì sí wọn. Kì í ṣe ohun kékeré. Ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń lọ tí ń bọ̀ lójoojúmọ́, èyí tó dé lónìí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ, kó tó mọ̀ ọ́ ó ti lọ.

Ẹ tún wo ti bank holiday. Nílùú yìí, Mọ́ńdè ni èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ ìsinmi ìjọba máa ń bọ́ sí, tí wọ́n bá sì ń kó bíìnì ní Mọ́ńdè, ìsinmi kan ṣoṣo á da gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn rú, ti Mọ́ńdè á bọ́ sí Túsìdeè, ti Túsìdeè á bọ́ sí Wẹ́sìdeè, títí á fi kan Sátidé, kò ní sí ẹni tó mọ èyí tó kàn mọ́. Nísinsìnyí tí Mọ́ńdè ò sí nínú iṣẹ́ wọn, kò kàn wá mọ́. Ẹni tó sọ pé ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ti pa aráàlú lára, kó wá ṣàlàyé eléyìí fún mi.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, lọ́rì bíìnì ni wọ́n ń wà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, níbi tí wọ́n ti ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn tán, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ẹ kì í ṣiṣẹ́ Mọ́ńdè mọ́?”

Wọ́n ní, “Àbúrò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé iṣẹ́ ló dín o. Bíìnì tá à ń kó ò dín ẹyọ kan. Ọ̀nà ni wọ́n tún tò, mọ́tò ò kàn ń pààrà ibì kan náà mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn, tá a bá ti gbéra ní depot ní Waterbeach, kò sí ìranù. Ṣùgbọ́n wò ó, tó bá dọ̀la, èmi ni màá gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé. Màá lọ ra ẹran. Màá wá padà wálé wá sùn lọ́sàn-án. O ò mọ ohun tí oorun ọ̀sán ń ṣe fún ẹ̀yìn ẹni tó ń wa lọ́rì.”

Ìyàwó wọn gbọ́, wọ́n yí sí wa, wọ́n ní, “Dádì, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún un jàre, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń se oúnjẹ alẹ́ Mọ́ńdè nílé wa báyìí, tí èmi bá ti ibi iṣẹ́ dé màá kàn jókòó ni.” Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ̀fọ́ rírò ni o, kì í ṣe núdù.” Inú wọn dùn débi pé ó hàn lójú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àkókò tí wọ́n gbà padà yẹn, kò lọ sí Dubai, kò lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kankan, oorun ni, ọmọ ni, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni, kí ìyàwó ẹni ráàyè jókòó ni. Nígbà táwọn olóṣèlú bá ń bínú pé káwọn èèyàn yìí padà sẹ́nu iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn gan-an nìyí, ohun tí wọ́n sì fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀ fún èmi aráàlú, mi ò rí i, torí bíìnì mi ti ṣófo tẹ́lẹ̀.

Fún àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò: ní July 2024 ìwádìí kan jáde tí àwọn olùkọ́ yunifásítì Cambridge, Salford àti Bradford ṣe lórí ẹ̀. Nǹkan 24 ni wọ́n fi wọn iṣẹ́ káńsù náà, láti orí ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ dé orí ìrànwọ́ owó ilé, 22 nínú ẹ̀ ló wà bó ṣe wà tàbí tó dáa sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi ìdá 39 nínú 100 dín. Àwọn tó ń kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ìdá 53 pọ̀ sí i. Owó tí wọ́n sì rí tọ́jú lọ́dún kan jẹ́ £371,500, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ owó tí ì bá lọ sọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ńsì. Owó wa nìyẹn o, ẹ̀yin ará, owó council tax. Nígbà tó di July 2025 àwọn kánsẹ́lọ̀ dìbò, wọ́n sọ ọ́ di ti gbére.

Ìjọba tó wà nígbà yẹn ti ní kí wọ́n dá a dúró láti 2023, mínísítà kọ lẹ́tà sí wọn, nígbà tó di November ọdún náà wọ́n tún fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, pé kì í ṣe bó ṣe yẹ kí wọ́n ná owó aráàlú nìyẹn. Mo ka àlàyé wọn. Ó yé mi pé ẹni tó ń san owó fẹ́ mọ̀ pé òun rí iṣẹ́ gbà, èmi náà fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n iye wákàtí tí èèyàn fi jókòó sí ọ́fíìsì kọ́ ni mo sanwó fún. Mo sanwó kí bíìnì mi lè ṣófo, kí wọ́n dáhùn lẹ́tà mi, kí màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa má bàa ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ti bíìnì. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, tí ibì kan bá wà tí iṣẹ́ ti ń fà sẹ́yìn kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe.

Àwọn kan á tún ní ó lè ṣeé ṣe fún àwọn oníkọ̀ǹpútà, pé iṣẹ́ agbára ò lè gbà á. Kí ni kíkó bíìnì, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ agbára ni? Lọ́dún 2022 ìgbìyànjú ńlá kan lórí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tún wáyé nílẹ̀ Britain, iléeṣẹ́ 61, òṣìṣẹ́ bíi 2,900, oṣù mẹ́fà gbáko, ilé oúnjẹ tó ń ta ẹja díndín àti ṣíìpù létí òkun ní Norfolk, Platten's, wà nínú ẹ̀. Ẹja díndín! Níbi tí oníbàárà ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, 56 nínú 61 ló ní àwọn ò ní dá a dúró, àwọn ń bá a lọ.

Wíkẹ́ńdì ọlọ́jọ́ méjì tá à ń jẹ yìí gan-an, ẹnì kan ló ja fún un. Ṣé ẹ mọ Boots, tí gbogbo wa ti ń ra paracetamol? Lọ́dún 1934, ní Nottingham, ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n kọ́ ń ṣe ọjà kíá débi pé ọjà pọ̀ jù fún wọn, dípò kí wọ́n lé èèyàn dànù wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi Sátidé sinmi, owó wọn ò sì dín. Ní Amẹ́ríkà Henry Ford ti fún àwọn òṣìṣẹ́ tiẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún láti 1926. Ó dá mi lójú pé nígbà yẹn náà, ẹnì kan dúró síbì kan tó ń pariwo ọ̀lẹ. Lónìí ta ló máa dá a lábàá pé ká padà máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo Sátidé? Kò sí nínú Bíbélì, kò sí nínú Kùránì, pé ọjọ́ márùn-ún gẹ́lẹ́ ló yẹ kéèyàn fi ṣiṣẹ́. Àwọn baba ńlá tiwa, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn lódindi, ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ẹni tó ń bọ òrìṣà kọ̀ọ̀kan á ya ọjọ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀, ayé ò sì bàjẹ́. Ọwọ́ èèyàn ló to ọ̀sẹ̀, ọwọ́ èèyàn lè tún un tò.

Ibi tó ti dùn mí rèé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn. Wákàtí méjìlá ni ṣíífìtì kan, long day là ń pè é, tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sínú ìwé ó máa dà bíi pé àwa gan-an la ti ń jẹ ìgbádùn tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, mẹ́rin fún ìsinmi. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ wa tó ń ṣe kíà nílùú yìí bóyá ó ń sinmi ọjọ́ mẹ́rin. Owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn ò lè san rẹ́ǹtì, kò lè san owó tí wọ́n ń retí nílé, owó ilé ìwé àbúrò, oògùn màmá, nítorí náà ófátáìmù la fi ń dí i, ẹlòmíì ń ṣe ibòmíì mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́ta á di márùn-ún, á di mẹ́fà. Ọjọ́ tó o bá sì wà nílé lóòótọ́, fóònù á dún laago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, “Please, ṣé o lè wá? Èèyàn méjì ti ní ara àwọn ò yá.” Ìsinmi tó jẹ́ pé etí fóònù lo ti ń ṣe é, ara ò gbà á wọlé. O ò ní ṣílẹ̀kùn fún oorun dáadáa, o ò ní bá ọmọ ṣèlérí nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé nínú gbogbo ètò South Cambridgeshire yìí, gbólóhùn kan ló ṣe pàtàkì jù: owó ò dín. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, kò sí nǹkan kan mọ́, ófátáìmù ló kù. Ẹ rántí June 2023 nílé, nígbà tí owó epo fò sókè lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀. Ìjọba Kwara dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, Edo náà ṣe bẹ́ẹ̀, owó oṣù wọn ò sì dín, inú mi dùn pé ẹnì kan tiẹ̀ ro tàwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó mọ́tò tí apá wọn ò ká mọ́ ló fà á, owó oṣù yẹn gan-an ni ò tó jẹun, ọjọ́ tó ṣẹ́ kù yẹn ọjà ni èèyàn ń lò ó fún, oko ni, ọ̀kadà ni. Ó ran èèyàn lọ́wọ́, mi ò ní kó má rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò lè pè é ní ìsinmi.

Ìsinmi tí mò ń sọ ni pé kí o jí, kí o mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa pè ẹ́, kí o sì mọ̀ pé rẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn ní èyí ní Mọ́ńdè. Mi ò jowú wọn, mo ń fẹ́ irú ẹ̀ fún àwa náà, fún kíà, fún nọ́ọ̀sì, fún àwọn tó ń fọ ọ́fíìsì lóru, àwọn obìnrin wa tó ń wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọ̀gá ilé ìtọ́jú máa ń sọ pé kò sí èèyàn, pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́ kiri, wọ́n ń san owó ńlá fún ẹ̀jẹ́ńsì. Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni káńsù yìí ń sọ lọ́dún 2022. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Tí ohun kan bá wà tí mo fẹ́ kí káńsù máa ṣọ́, ara àwọn tó ń kó bíìnì yẹn ni. Iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n kó sínú mẹ́rin, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lè gé ìpàdé kù kó fi rí ààyè, ẹni tó ń fa bíìnì ò ní ìpàdé tó máa gé, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa fi rìn ín. Bí ilé tuntun ṣe ń pọ̀ sí i ní Cambourne àti Northstowe, bíìnì ń pọ̀ sí i nìyẹn, kí wọ́n máa fi èèyàn àti lọ́rì kún un bó ṣe ń pọ̀, kí ọjọ́ mẹ́rin yẹn má wá di ọjọ́ tí èèyàn ń kú sára bíìnì. Èmi ni ẹni tó máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí kánsẹ́lọ̀ tí mo bá rí i pé ó ti ń lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀ ládùúgbò yìí, ẹ tẹ pósítí kóòdù yín sórí wẹ́bsáìtì káńsù kẹ́ ẹ rí ọjọ́ tiyín, ẹ má lọ bi aládùúgbò torí títì kejì lè ní ọjọ́ tó yàtọ̀. Ẹ ti bíìnì síta lálẹ́ tó ṣáájú, kí ọmọrí ẹ̀ pa dé, kí ọwọ́ ẹ̀ kọjú sí títì kó má bàa ni wọ́n lára. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà nílé tí kò lè ti bíìnì, ẹ béèrè fún ètò tí wọ́n fi ń wá gbé e nínú ọgbà. Tí ẹ bá sì wà nílé nígbà tí lọ́rì dé, ẹ kí wọn.